Kàyé Kìíní Ìwé Ilẹ̀ Ìrì

Lagbé, Ifangni,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n, Odile Àwẹ̀ró,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì kí gbogbo àwọn Másẹ̀ẹ̀, àwọn arábìnrin tó fi ara wọn fún Ọlọ́run, tí ẹ jọ ń gbé nínú ilé àdúrà yín ní Àjàṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé oorun ń dùn, ṣé oúnjẹ ń wọlé? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọ lórí ìjókòó, nítorí ó gùn, ẹni tó kọ ọ́ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Àwa náà ń bẹ láàyè. Ìyá rẹ, Scholastique, ní kí n kí ọ títí, ó sì ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ pé òun ló ra bébà tí mo fi ń kọ ọ́, kí n má baà gba gbogbo ìyìn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi Ọ̀ṣẹ́nì, télọ̀ tó wà ní Ìgòlò, ló gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ tí o fi rán, ó sì gbé e wá bá mi lórí ẹní. Mo rí i kà pé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni o máa jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ, àti pé o fẹ́ kí n súre fún ọ kí ọjọ́ náà tó pé. O kọ ọ́ pé: "Bàbá, wọn kò ní lé mi padà tí ẹ kò bá súre fún mi. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run nígbà tí bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí mi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí tí o ti ń kọ̀wé sí mi tí n kò fèsì, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Bọ́ọ̀n, ó dáa. Kí n tó dé orí ìre tí o tọrọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. O ní nínú lẹ́tà rẹ pé ìwé ìtàn tí o fi sílẹ̀ fún mi, tèmi ni, kí n fi ṣe ohun tó bá wù mí. Odile, mo ti jó o. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o! Fara balẹ̀, mí kanlẹ̀. Nínú ìwé ìkọ̀wé méje, kàyé méje tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ, kàyé kìíní ni mo jó. Kò sí ẹni tó bá mi dá sí i, èmi nìkan ni, ọ̀sán gangan sì ni.

Jẹ́ n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ tí o kúrò nílé, mo sọ fún ìyá rẹ pé mo ní òrùlé kan tí mo fẹ́ kàn ní Ko-Koumolou. Kò sí òrùlé kankan. Inú oko ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ni mo lọ jókòó sí, títí alùpùpù tó gbé ọ fi kọjá. Mo rí gèlè funfun orí rẹ láàárín igi, mo sì la ẹnu pé kí n pè ọ́, n kò pè ọ́. Inú ń bí mi ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! O ti pín aṣọ rẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò, o ti fi fóònù rẹ ta Amandine ọmọ àbúrò ìyá rẹ lọ́rẹ, kódà yẹtí tí mo rà fún ọ nígbà tí o yege nílé ìwé, o fi fún ẹlòmíràn. Mo bi ọ́ pé kí ni yẹtí ṣe fún Ọlọ́run. O ní: "Bàbá, kì í ṣe pé mo kórìíra nǹkan. Mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi ṣófo, kí Ọlọ́run lè rí ibi tí yóò fi tirẹ̀ sí." Mo ní: "Èmi ńkọ́? Ṣé èmi náà wà lára ẹrù tí o fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni?" Ẹkún lo bú sí.

Nígbà tí mo padà délé, mo bá àpò náà lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Kàyé méje, tí o fi òwú so pọ̀, àti bébà péńpé lórí wọn. Ohun tí o kọ sí i nìyí: "Iwe mi ni yi. Baba e jo o." Wò ó, Odile, láti kékeré rẹ ni mo ti ń bá ọ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé, nítorí náà ìhòòhò lo máa ń kọ Yorùbá, láìsí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Èmi tí mo fi ìwé orin àti ìwé ẹ̀kọ́ ìjọ kọ́ Yorùbá kíkà, mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kà á ni yóò bá a fi sí i. Àmì tí ìbínú fún mi ni mo fi sí i. Mo kà á pé: "Ìwé mi nìyí. Bàbá, ẹ jó o."

Ó sì bá ara mu lójú mi nígbà náà. Ẹni tó lè fi yẹtí sílẹ̀, kí ló dé tí kò ní fi ìwé fún iná? Mo ní nínú mi pé, ẹ̀ẹ̀n, ọmọ yìí kò tilẹ̀ fẹ́ kí ohun tí ó fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe nínú ilé mi kù sílẹ̀. Iná wà nídìí àdògán tí ìyá rẹ fi ń yan gàrí. Mo fa kàyé kìíní yọ, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, n kò ka ìlà kan níbẹ̀, mo tì í sínú iná. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jó nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn. Mo dúró tì í títí ó fi di eérú.

Ibi tí mo ti ń fa ìkejì yọ ni ìyá rẹ dé láti ìdí kànga. Ó já a gbà. Ó ní: "Bàbá Odile, ṣé orí yín pé báyìí?" Mo na bébà náà sí i. Ó kà á, ó pòṣé, ó ní: "Ẹ jọ̀ ọ́ lọmọ mi kọ! Pé kí a jọ̀ ọ́, kí a mú èyí tó kúnná, kí a da pàǹtí rẹ̀ nù." O mọ ìyá rẹ. Obìnrin tó ti ń gbé ajọ̀ gàrí lé itan láti ogún ọdún, kí ni yóò tún rí nínú "jo"? Bẹ́ẹ̀ la ṣe jà. Èmi ní jíjó ni, òun ní jíjọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó rántí pé a lè bi ọ́. Ó kó kàyé mẹ́fà tó kù sínú báágẹ́ẹ̀tì onídèérí tó máa ń kó gàrí kíkúnná sí, ó sì jókòó lé e. Nígbàkígbà tó bá wá kí ọ, tí o bá béèrè ìwé rẹ, á ní gbogbo rẹ̀ wà dáadáa, á wá lọ jẹ́wọ́ irọ́ náà fún àlùfáà tó bá padà dé.

Báyìí la wà títí òjò ọdún yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje, mo ń kan òrùlé ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìgòlò, igi yọ̀ lábẹ́ mi, mo sì já bọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Bàbá kan tí ń to eegun bá mi dì í mọ́ igi, ó ní kí n má dúró lórí rẹ̀ fún oṣù méjì. Ìyá rẹ a máa gbé gàrí lọ sọ́jà láràárọ̀, á fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé. Ìwọ náà mọ̀ pé n kò lè jókòó láìjẹ́ pé ọwọ́ mi ń ṣe nǹkan. Mo ka igi àjà, mo rí mẹ́ta tí wọ́n kàn wọ́gọwọ̀gọ, mo bú ẹni tó kàn wọ́n kí n tó rántí pé èmi ni. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wọ́ ìdí dé ọ̀dọ̀ báágẹ́ẹ̀tì náà. N kò ní purọ́ fún ọ, kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé mi lọ, àìríṣẹ́ṣe ni.

Ha, Odile! Níbo lo ti rí ilẹ̀ yẹn? Ẹnu ààrin ni mo gbà wọlé, nítorí kò sí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí n tó ka ojú ewé mẹ́wàá mo ti wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Ìrì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á jáde lọ sí pápá, wọ́n á fi ọwọ́ lásán kó ìrì jọ, oníkálukú á mọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn: ilé, àpótí, ewúrẹ́, ẹyẹ. Bí oòrùn bá yọ, gbogbo ohun tí wọ́n mọ á mí. Ewúrẹ́ ìrì á máa jẹ koríko ìrì. Àwọn ọmọdé á wọ ilé tí kò sí lánàá, wọ́n á máa sá eré nínú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí, oníkálukú á lọ dúró ti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á la àtẹ́lẹwọ́, iṣẹ́ náà á sì gòkè lọ bá Olówùúrọ̀ tó rán ìrì sí wọn. Kò sí ẹni tó ń sunkún. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ìrì mìíràn ti wà nílẹ̀.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Èmi káfíńtà! Ilẹ̀kùn tí yóò lo ìdajì ọjọ́ péré! Ilẹ̀kùn tí mo ṣe sí ẹnu ilé yìí ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tíì sọ̀ sílẹ̀. Mo bá ìwé náà wí sókè pé òfo ni gbogbo làálàá wọn. Síbẹ̀ mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀lé e.

Mo ń kà láti àárọ̀ títí ojú ọjọ́ fi ń ṣú. Mo gbàgbé ẹsẹ̀ mi. Òjò á máa rọ̀ lórí páànù, kùrukùru á bo igi ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, n kò sì ní mọ èyí tó wà nínú ìwé àti èyí tó wà ní Lagbé mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ìrì lórí ewé gbágùúdá láti ojú fèrèsé, òótọ́ ni mo ń sọ fún ọ, mo dúró kí n wo ohun tí yóò dà. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń rìn láàárín ebè, tó ń fi ọwọ́ kan ewé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oòrùn mú, ewé náà gbẹ, ó kàn rọra ń mì. Ìyá rẹ ní mo ti ń bá àgbàlá sọ̀rọ̀, ó ní bóyá orí ni mo fi lulẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tí o fi sínú ìtàn náà, Ìrìníkẹ̀ẹ́, tó kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ wá kọ́ ẹyẹ mímọ ní Ilẹ̀ Ìrì. Nínú kàyé kẹrin, ó mọ ẹyẹ kan tó dára ju gbogbo tẹ̀yìn wá lọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n tí gbogbo ènìyàn la ọwọ́, òun pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé mọ́ ẹyẹ tirẹ̀, ó sá wọ inú iyàrá tí kò ní fèrèsé. Ọjọ́ méjì ló fi wà níbẹ̀. Kò lè jẹun, kò lè họ ojú ara rẹ̀, kò lè mọ nǹkan mìíràn, ẹyẹ náà kò sì kọrin. Ìyá arúgbó tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ wá jókòó tì í. Kò bá a wí. Ó kàn bi í pé: "Ṣé o ti fojú kàn án láti ìjẹta?"

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ti pa ọwọ́ dé mọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, Àwẹ̀ró, n kò sì fojú kàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ìròyìn pé o ti sanra díẹ̀, pé o ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lórin, pé ẹ̀rín rẹ ti yàtọ̀, èmi á kọjú sí ògiri bíi pé n kò gbọ́. Mo ń gbọ́ o. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni Ọ̀ṣẹ́nì wá kí mi. Ọwọ́ Ọ̀ṣẹ́nì kò lè dúró jẹ́ẹ́, ó mú bébà tí mo fi sàmì sí ibi tí mo kà dé, ó sì kà á sókè láìrò ó, bí èèyàn ṣe ń ka ohun tó wà lára ògiri: "Ìwé mi nìyí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó wá wò mí, ó ní: "Kí lọmọ náà ń bẹ̀ ọ́ fún?"

Mo ní kó tún un kà. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún mọ̀ ọ́n sọ, tí o ń sọ fún mi nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ láti ìgbà tí o ti la ẹnu. O kò ní kí n jó nǹkan, o kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jọ nǹkan. Ẹ̀bẹ̀ lo ń bẹ̀ mí, mo sì ti iná bọ ẹ̀bẹ̀ náà. Mo sunkún lójú Ọ̀ṣẹ́nì, òun ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni Ọ̀ṣẹ́nì, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ pọ̀ tó.

Nǹkan tó wá ń dà mí láàmú jùlọ nìyí. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ kàyé kejì, o kọ ọ́ pé òtútù ń mú Ìrìníkẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ sì gbóná. Nínú kàyé kẹta, o tún mẹ́nu bà á. Nínú kàyé kẹfà, nígbà tí ó la ọwọ́ níkẹyìn, ẹyẹ náà kò fò. Ó dúró sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. O wá kọ ọ́ pé: "Nígbà náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹyẹ náà sì fò." Odile, ọ̀rọ̀ wo? O kò kọ ọ́ sí ibì kankan mọ́. Kí ni ìbá sì mú ọ kọ ọ́, nígbà tí ó ti wà nínú kàyé kìíní? Mo tú gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, ojú ewé dé ojú ewé, àwòrán ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni mo rí létí ìwé.

Mo rò ó pé kí n kọ̀wé bi ọ́. Ojú tì mí. Báwo ni bàbá yóò ṣe máa bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni bàbá ń sọ fún ọmọ tó ń lọ? Ohun tó yẹ kí n ti sọ ní ọjọ́ tí mo lọ sá pamọ́ sínú oko ọ̀pẹ ni, kò sì sí ẹni tó lè bá mi sọ ọ́.

Vwàlà, bí mo ṣe di òǹkọ̀wé nìyẹn. Rẹ́rìn-ín, mo gbà fún ọ. Ìyá rẹ ra kàyé tuntun bọ̀ láti Ìgòlò, mo sì mú bíìkì ìkọ̀wé pé kí n tún kàyé kìíní kọ, èmi tí n kò kọ nǹkan rí ju ìwọ̀n lórí pákó. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nítorí òun ni mo mọ̀. Ojú ewé mẹ́rin ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn náà, igi ìrókò, láìlo ìṣó kan, mo sọ bí a ṣe fá a, mo sọ bí a ṣe mú un jókòó. Ìyá rẹ kà á tán, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni máa gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá ni àbí títà la fẹ́ tà á. Ni mo bá mú ọmọbìnrin náà dé, mo sì mú bàbá rẹ̀ jáde. Fìlà Ọ̀ṣẹ́nì ni mo fi dé e lórí, mo fún un ní ẹsẹ̀ dídì tèmi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá náà kò gbọ́ tèmi. Mo ní kó di aṣọ ọmọ rẹ̀ mú, ó kọ̀, ó dúró. Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ó wúkọ́. Mo ti rò pé ẹni tó mú bíìkì lọ́wọ́ ló ni ìtàn. Irọ́ ni o. Gbogbo ohun tí mo bá fi agídí kọ, bí mo bá kà á ní ọjọ́ kejì, òkú ni. Ibi tí mo bá ti jókòó jẹ́ẹ́, tí n kò di nǹkan kan mú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yọ́ wá fúnra rẹ̀, n kò mọ ibi tó ti ń wá. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ òfìfo tí o sọ fún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo ti rò pé dída nǹkan nù ni. Mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ Ọlọ́run gbọ́dọ̀ jó tọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkúùkù ni mo fi jó ìwé rẹ, kò sì sí nǹkan kan tó gòkè níbẹ̀ ju èéfín lọ. Àwọn èèyàn inú ìwé rẹ kò jó ohunkóhun. Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wọn dé góńgó, wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n sì la ọwọ́.

Mo tilẹ̀ gbàdúrà. O mọ̀ pé èmi àti àdúrà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ara wa. Mo ní: "Olówùúrọ̀, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ fún mi." Orúkọ inú ìwé rẹ ni mo fi pè é. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bá mi bi àlùfáà yín.

Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí bàbá náà sọ pé "Ó dàbọ̀." Mo wò ó títí, mo fa igi lé e. Ẹni tó ń padà bọ̀ là ń wí ó dàbọ̀ fún, okùn ni mo tún fẹ́ so mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Mo kọ "Má gbàgbé ilé." Mo tún fa igi lé e, nítorí ẹrù ni èmi náà fẹ́ dì fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró sẹ́nu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀, àánú wọn ń ṣe mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni mo rántí ìyá mi, Ọ̀ṣuntóyè, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí títí ó fi kú. Láràárọ̀ tí mo bá gbé pákó lérí tí mo ń lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń ké tẹ̀lé mi láti ẹnu ọ̀nà pé: "Lọ ire o, kí o bọ̀ ire!" Gbogbo wa la ń sọ ọ́, kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀.

Mo kọ ọ́. Mo kọ "Lọ ire." Ọwọ́ mi fẹ́ máa lọ, Odile. Bíìkì ti fẹnu kan bébà láti kọ "kí o bọ̀." Mo dá a dúró. Mo dá a dúró títí ẹnu bíìkì fi fi àmì tóótó kan síbẹ̀, mo sì fi àmì náà ṣe òpin ọ̀rọ̀. Lọ ire. Ó parí. Ọmọbìnrin náà gba ẹnu ọ̀nà kọjá sínú ìrì, kò wẹ̀yìn, bàbá rẹ̀ sì dúró níbẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi kọ́ ni mo fi ayọ̀ yẹn síbẹ̀. Mo kàn rí i lójú rẹ̀ ni.

N kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí ìwọ kọ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí tìrẹ dára ju tèmi lọ, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ya tèmi, kí o fi tìrẹ síbẹ̀. Mo fi kàyé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti èyí tí mo kọ rán Ọ̀ṣẹ́nì sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. O ní kí n fi ìwé náà ṣe ohun tó bá wù mí; ohun tó wù mí ni kó máa lọ. Tí Másẹ̀ẹ̀ Àgbà yín bá ní kí ẹ kà á fún àwọn ọmọdé, ẹ kà á. Tó bá ní kí ẹ gbé e pamọ́, ẹ gbé e pamọ́, n kò ní béèrè. Tí inú bá sì bí ọ sí mi nítorí èyí tí mo jó, bínú dáadáa, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí.

Ìre tí o tọrọ wá nìyí, láti ẹnu mi àti láti inú mi. Ọlọ́run tó mú ọ wá sọ́dọ̀ wa ni yóò máa bá ọ rìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ yóò tù ọ́ lára. Ọwọ́ rẹ tí o sọ di òfìfo, kò ní ṣófo lọ́jọ́ kan lójú Rẹ̀. Bí o ti mú inú àwọn ọmọ ọlọ́mọ dùn, bẹ́ẹ̀ ni inú tìrẹ náà yóò máa dùn. Wàá rí ẹni fà ọ́ mọ́ra ní ọjọ́ tó bá rẹ̀ ọ́. Àwẹ̀ró mi, mo yọ̀ǹda rẹ. Lọ ire.

Èmi ni bàbá tó bí ọ, tí inú rẹ̀ sì yọ́ sí ọ,
Victorin Ògúntọ́lá.

Mo tún rántí: bàbá tí ń to eegun ní tó bá di Sátidé yẹn, mo lè fi ọ̀pá rìn. Ìyá rẹ ní ọwọ́ òsì pẹpẹ ni wọ́n máa ń to àwọn ìyá sí lọ́jọ́ ẹ̀jẹ́. Kò mọ ti àwọn ọkùnrin, nítorí òun nìkan ló máa ń wá. Kọ̀wé sí mi kíákíá: níbo ni àwọn bàbá máa ń jókòó sí?